Ṣé kí n ra ilé iṣẹ́ búrẹ́dì tó wà ní Ṣágámù, àbí kí a da òwò pọ̀ pẹ̀lú ti Àgọ́-Ìwòyè?

Oníbúrẹ́dì (Ìjẹ̀bú-Òde) béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú òwò, mo kí yín o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, mo sì bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ti ra ilé iṣẹ́ ẹlòmíràn rí, tàbí tó ti bá ẹlòmíràn da òwò pọ̀, ṣàlàyé fún mi láìfi nǹkan kan pamọ́.

Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ni mo ní ní Ìjẹ̀bú-Òde. Orúkọ òwò lásán ni mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò àti kọ́ńpánì sílẹ̀, n kò tíì sọ ọ́ di kọ́ńpánì. Búrẹ́dì wa ń dé Odògbolú, ó ń dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣùgbọ́n kò tíì wọ Rẹ́mọ, nítorí pé kí ọkọ̀ wa tó dé Ṣágámù láàárọ̀, àwọn tó ń yan búrẹ́dì níbẹ̀ á ti pín tiwọn tán. Ààrò tí mo ní kò gba ju ohun tó ń gbà lónìí lọ mọ́. Bí mo bá fẹ́ kí òwò náà gbòòrò, ó di dandan kí n ní ààrò mìíràn níbòmíràn.

Ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀. Èkíní ni ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Ṣágámù tí bàbá tó dá a sílẹ̀ ti di olóògbé. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó àti ní òkè òkun, kò sí èyí tó fẹ́ padà wálé wá máa jí lóru nítorí búrẹ́dì, wọ́n sì fẹ́ ta gbogbo rẹ̀ pátá: ilé, ààrò, bọ́ọ̀sì méjì, àti orúkọ tí gbogbo Ṣágámù mọ̀. Èkejì ni ìyá kan ní Àgọ́-Ìwòyè tó ń ta búrẹ́dì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Olabisi Onabanjo. Òun kò fẹ́ tà. Ohun tó wí ni pé kí a sọ òwò wa di ọ̀kan, kí a máa ra fúláwà pọ̀, kí èmi máa bójú tó yíyan, kí òun máa bójú tó títà, kí a sì máa pín èrè.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé owó tí mo fẹ́ kó fún àwọn ọmọ olóògbé yìí tó láti fi kọ́ ilé tuntun tó jẹ́ tèmi nìkan. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ilé tuntun kò ní oníbàárà, àwọn tó ń gba búrẹ́dì tà ní Ṣágámù kò sì ní fi ẹni tí wọ́n ti mọ̀ sílẹ̀ nítorí mi. Èwo nínú ọ̀nà méjèèjì ló mọ́gbọ́n dání? Báwo ni a ṣe ń mọ iye tó tọ́ sí òwò tí kò ní ìwé ìṣirò tó gún régé? Kí ni kí n ṣe sí àwọn òṣìṣẹ́ tí mo bá bá níbẹ̀? Ǹjẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i?

Agbẹjọ́rò (Ṣágámù) dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ti Ṣágámù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí pé ibẹ̀ ni òfin pọ̀ sí.

Kí ẹ tó bá wọn dúnàá-dúrà, ẹ wádìí ẹni tó láṣẹ láti tà. Bí ó bá jẹ́ orúkọ òwò lásán ni bàbá náà fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, gẹ́gẹ́ bí tiyín, a jẹ́ pé lójú òfin, ọ̀kan náà ni òun àti òwò rẹ̀: ààrò, bọ́ọ̀sì, owó tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́, gbèsè tí òun náà jẹ, gbogbo rẹ̀ ló ti di ara ogún rẹ̀. Kò sí ọmọ kan tó lè tà á kìkì nítorí pé òun ni àkọ́bí. Bí bàbá kò bá ṣe ìwé ìpíngún, àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ lọ sí ẹ̀ka tó ń rí sí ogún ní Ilé Ẹjọ́ Gíga, kí wọ́n gba ìwé àṣẹ láti ṣàkóso ohun ìní olóògbé, àwọn tí orúkọ wọn bá sì wà nínú ìwé náà ni yóò fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú yín. Bí ó bá ṣe ìwé ìpíngún, àwọn tó yàn sínú rẹ̀ láti mú un ṣẹ ni ẹ ó bá sọ̀rọ̀, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ bá ti fọwọ́ sí ìwé náà.

Bí ó bá sì jẹ́ kọ́ńpánì ló dá sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Kọ́ńpánì kì í bá olóhun kú. Ìpín ìdókòwò rẹ̀ nínú kọ́ńpánì ni àwọn ọmọ jogún, ìpín náà ni wọn yóò sì tà fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ẹni tó ra ìpín kọ́ńpánì ra gbèsè rẹ̀ mọ́ ọn. Owó orí tí wọn kò san, owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ tí wọn kò fi ránṣẹ́, ẹjọ́ tó wà ní kóòtù, gbogbo rẹ̀ á wà lọ́rùn kọ́ńpánì náà ní ọjọ́ tí ẹ bá gbà á.

Ilẹ̀ ńkọ́? Ẹ béèrè bóyá bàbá ra ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ tàbí ilẹ̀ ẹbí ni. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ohun tí àwọn ilé ẹjọ́ wa ti fi lélẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé títà tí olórí ẹbí kò bá lọ́wọ́ sí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá, èyí tí olórí ẹbí bá sì dá tà láìsí àwọn àgbà tó ń ṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan, àwọn wọ̀nyí lè lọ sí kóòtù kí wọ́n sì yí i padà. Bí ilẹ̀ náà bá sì ní ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ìjọba, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sọ pé gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ó tó lè kọjá sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní tèmi o, n kò rí ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ra ilẹ̀ náà. Ẹ háyà ilé náà fún ọdún gbọọrọ, kí ẹ ra ààrò, bọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ àti orúkọ. Owó tí ẹ bá yọ kúrò nínú ilẹ̀ á wúlò fún fúláwà.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn oníṣòwò kì í sábà mọ̀. Láti ìgbà tí a ti ṣe òfin ọdún 2017 lórí fífi ohun ìní tó ṣeé gbé kiri dúró fún ẹ̀yáwó, àkọsílẹ̀ ti wà ní National Collateral Registry, lábẹ́ Báńkì Àpapọ̀, níbi tí a ti lè wò ó bóyá ẹnì kan ti fi ẹ̀rọ tàbí ọkọ̀ yá owó. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò yín bá yín wo ibẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀ lórí bọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn.

Ní ti ìjọba: òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC sílẹ̀, àjọ tó ń rí sí ìdíje láàárín oníṣòwò àti ẹ̀tọ́ oníbàárà, ló ń ṣàkóso ìdàpọ̀ àti rírà ilé iṣẹ́ nísinsìnyí. Gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí àjọ náà gbé kalẹ̀ ní 2019, ó di dandan láti fi tó wọn létí kí a tó ṣe é bí ọjà tí àwọn méjèèjì ń tà lọ́dún, lápapọ̀, bá tó bílíọ̀nù kan náírà, tàbí bí ti ẹni tí a fẹ́ rà nìkan bá tó mílíọ̀nù 500. Bí tiyín kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ lè máa bá iṣẹ́ yín lọ, ṣùgbọ́n àjọ náà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ yín láàárín oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe é, nítorí náà ẹ pa gbogbo ìwé mọ́.

Ní ti òṣìṣẹ́, Òfin Iṣẹ́ kò fàyè gbà pé kí a ta wọ́n mọ́ ààrò. Kí àdéhùn òṣìṣẹ́ tó lè kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan lọ sí ọ̀dọ̀ òmíràn, òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà, kí aláṣẹ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì buwọ́ lù ú. Ohun tó dára jù ni kí àwọn ọmọ olóògbé san gbogbo ẹ̀tọ́ tí òṣìṣẹ́ ní lọ́wọ́ bàbá wọn, kí ẹ̀yin wá fún àwọn tí ẹ bá fẹ́ mú ní ìwé iṣẹ́ tuntun.

Ní ti Àgọ́-Ìwòyè, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ẹnu lásán da òwò pọ̀. Bí ẹ bá ti ń pín èrè láìdá kọ́ńpánì sílẹ̀, òfin á kà yín sí alájọṣe, gbèsè tí ọ̀kan bá sì jẹ lórúkọ òwò náà á di ti ẹ̀yin méjèèjì, títí dé orí ilé tí ẹ ń gbé. Ẹ dá kọ́ńpánì tuntun sílẹ̀ lábẹ́ CAMA, òfin kọ́ńpánì ti ọdún 2020, tó fàyè gba kọ́ńpánì aládàáni pẹ̀lú ìpín ìdókòwò 100,000 náírà péré, kí ẹ̀yin méjèèjì kó ohun tí ẹ ní sínú rẹ̀, kí ẹ sì gba ìpín gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú wá bá ṣe tó.

Oníṣirò Owó (Ìjẹ̀bú-Igbó) dáhùn:

Agbẹjọ́rò ti sọ ohun tó yẹ lórí ìwé. Ìbéèrè iye ni èmi fẹ́ dáhùn.

Ẹni tó ń tà máa ń fi ohun tí wọ́n ti ná sórí òwò dá iye lé e, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ẹni tó ń rà yóò rí nínú rẹ̀ ló yẹ kó fi dá tirẹ̀. Àwọn ọmọ á sọ iye tí bàbá wọn fi kọ́ ilé àti iye tí ààrò tuntun jẹ́ lónìí. Ẹ fetí sí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ wá ní kí wọ́n gbé ìwé báńkì ọdún mẹ́ta wá.

Ìwé náà lè má pé, nítorí pé owó ọwọ́ ni àwọn tó ń gba búrẹ́dì fi ń sanwó. Fúláwà ni kí ẹ fi wá òótọ́. Àpò kan jẹ́ kílò 50, ẹ̀yin náà sì mọ iye búrẹ́dì tí àpò kan ń fún yín. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ọmọ, kí ẹ lọ bá ẹni tó ń ta fúláwà fún wọn, kí ẹ mọ iye àpò tí wọ́n rà lóṣooṣù. Bí wọ́n bá ní àwọn ń ta búrẹ́dì àpò 400 lóṣù, tí fúláwà tí wọ́n rà kò sì ju àpò 250 lọ, ẹ ti mọ bí òwò náà ṣe tóbi tó. Ọ̀rá tí wọ́n tẹ orúkọ sí àti epo tí jẹnẹrétọ̀ jẹ á ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn tàbí kí wọ́n já a nírọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tún èrè wọn ṣírò. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní wọ́n sọ pé èrè jẹ́ mílíọ̀nù 15 náírà lọ́dún. Bàbá ló ń ṣe alábòójútó fúnra rẹ̀, kì í gba owó oṣù. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde máa gba ẹlòmíràn síbẹ̀, ká fi mílíọ̀nù 3 sí i. Kò san owó ilé. Ẹ̀yin máa san, ká fi mílíọ̀nù 2 sí i. Ààrò àti jẹnẹrétọ̀ ti gbó, àtúnṣe á gba mílíọ̀nù kan àbọ̀ lọ́dún. Ohun tó kù fún yín jẹ́ mílíọ̀nù 8.5. Bí ẹ bá fẹ́ kí owó yín padà wọlé láàárín ọdún mẹ́ta, iye tí ẹ lè fojú sí ni mílíọ̀nù 25.5, ìbáà jẹ́ 60 ni wọ́n ń pè.

Ibi tí ẹ ti máa rí owó náà sì ṣe pàtàkì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé ìwọ̀n èlé tirẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí báńkì ń bù fún oníṣòwò sì máa ń ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá yá gbogbo mílíọ̀nù 25.5 náà ní ìdá 30, èlé ọdún àkọ́kọ́ nìkan á jẹ́ mílíọ̀nù 7.65. Nínú èrè mílíọ̀nù 8.5, kò ní ku mílíọ̀nù kan fún yín, ẹ kò sì tíì dá olú owó padà. Ẹni tó bá fi irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ ra òwò, báńkì ló ń yan búrẹ́dì fún. Nítorí náà ẹ bá àwọn ọmọ sọ ọ́ kí ẹ san án díẹ̀díẹ̀: apá kan ní ọjọ́ tí ẹ bá gbà á, apá kejì lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, apá kẹta lẹ́yìn ọdún kan, bí àwọn oníbàárà tí wọ́n fi yangàn bá ṣì ń wá. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀ pé gbogbo rẹ̀ ni àwọn fẹ́ gbà lọ́jọ́ kan, ẹ dín iye náà kù, torí pé ẹ̀yin nìkan lẹ gbé ewu náà.

Nípa àwìn: ẹ má ra owó tí àwọn oníbàárà jẹ olóògbé. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n gbà á. Gbèsè tí a jẹ ẹni tó ti kú kì í yá san fún àjèjì.

Òṣìṣẹ́ Báńkì tó ti fẹ̀yìn tì (Ìjẹ̀bú-Òde) dáhùn:

Iṣẹ́ báńkì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fọwọ́ sí ìwé ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdàpọ̀ ti ń bàjẹ́.

Ní oṣù Keje ọdún 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní olú owó bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 ló wà nígbà náà. Nígbà tí gbèdéke pé, 25 ló kù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn da ara wọn pọ̀ nítorí pé ọjọ́ ń lọ, láìwò bóyá ìwà wọn bá ara mu. Báńkì mẹ́rin ló para pọ̀ di First Inland Bank, tó wá ń jẹ́ FinBank. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2009, Báńkì Àpapọ̀ yọ olórí rẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn báńkì mìíràn. Nígbà tó di 2012, FCMB rà á, báńkì tí Ọ̀túnba Michael Olasubomi Balogun, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, dá sílẹ̀ ní 1982.

Mo fẹ́ kí ẹ wo bí FCMB ṣe ṣe é, torí pé ó ti gba àwọn báńkì mìíràn mọ́ra nígbà ìdàpọ̀ 2005, Co-operative Development Bank wà lára wọn. Lójú tèmi, ohun méjì ló ràn án lọ́wọ́. Kò sí iyè méjì lórí ẹni tó ń darí: orúkọ kan ló kù, olórí kan ló kù, ọ̀nà ìṣiṣẹ́ kan ló kù. Èkejì ni pé nígbà tó fẹ́ ra FinBank, àjọ AMCON tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2010 láti máa ra gbèsè tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ báńkì ti kọ́kọ́ dí ihò gbèsè tó wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó ń rà má baà kó sínú kòtò ẹlòmíràn. Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ olóògbé dí ihò tiwọn kí ẹ tó wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ti Ṣágámù fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tí WAPCO kọ́ síbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978. Blue Circle ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà nídìí rẹ̀. Ní 2001, Lafarge ti ilẹ̀ Faransé ra Blue Circle. Ní 2015, Lafarge àti Holcim ti Switzerland di ọ̀kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Holcim kéde pé òun fẹ́ ta ìpín òun fún Huaxin ti ilẹ̀ Ṣáínà. Ní gbogbo ìgbà tí olówó ń yí padà yìí, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan àmì erin tó wà lára àpò sìmẹ́ǹtì náà. Bíríkìlà tó ń béèrè sìmẹ́ǹtì elérin kò mọ ẹni tó ra kí ni lọ́wọ́ ta, kò sì nílò láti mọ̀. Ẹ̀yin náà kò gbọdọ̀ yára yọ orúkọ bàbá náà kúrò lára ọ̀rá búrẹ́dì.

Nípa òṣìṣẹ́, ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ fúnra yín ni kí ẹ dúró níwájú wọn. Ẹ sọ ẹni tó ń dúró, ẹni tó ń lọ, ìgbà tí owó oṣù ń wọlé, àti ẹni tí wọn ó máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Mo ti rí i níbi iṣẹ́ tí a kò ti sọ ọ́ fún oṣù gbọọrọ: àwọn tó mọ iṣẹ́ jù ló kọ́kọ́ wá ibòmíràn lọ, nítorí pé àwọn ni ẹlòmíràn ń fẹ́.

Oníbúrẹ́dì ẹlẹgbẹ́ yín (Odògbolú) dáhùn:

Kí ẹ tó san owó, ẹ lọ yan búrẹ́dì pẹ̀lú wọn lóru kan, kí ẹ wo ohun tí wọ́n ń dà sínú fúláwà. NAFDAC ti fòfin de kẹ́míkà bromate, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń lò ó nítorí pé ó ń jẹ́ kí búrẹ́dì wú. Bí ó bá jẹ́ pé òun ló ń mú búrẹ́dì Ṣágámù yẹn tóbi, ní ọjọ́ tí ẹ̀yin bá yọ ọ́, búrẹ́dì á kéré lójú, àwọn oníbàárà á sì sọ pé ẹni tuntun ń rẹ́ àwọn jẹ. Owó orúkọ tí ẹ san ti ṣòfò nìyẹn. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ọ̀rá náà, ẹni tó gbà á àti ibi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò ló wà fún. Ẹ lọ bá àjọ náà kí wọ́n yí i sí orúkọ yín kí ẹ tó tẹ ọ̀rá tuntun.

Ìyá Olóúnjẹ-Adìẹ (Ìpẹru) dáhùn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ti sọ̀rọ̀. Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú.

Gbogbo yín ń sọ bí yóò ṣe rà á. Èmi sọ pé kó má tíì rà á. Kó háyà gbogbo òwò náà fún ọdún kan, pẹ̀lú ìwé tó sọ pé òun nìkan ló ní ẹ̀tọ́ láti rà á ní iye tí wọ́n bá ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí owó háyà náà sì jẹ́ ara iye yẹn. Bí mo ṣe gba ilé ìlọ-oúnjẹ adìẹ tí mo ń lò lónìí nìyẹn lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìn tì. Láàárín ọdún háyà náà ni mo rí i pé ọ̀gá òṣìṣẹ́ tó ń po oúnjẹ náà ni àwọn olósìn adìẹ ń wá bá. Kò sí ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ohun tí wọ́n fẹ́ tà. Kí n tó san owó ìkẹyìn, mo ti bá a ṣe àdéhùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, mo sì fún un ní ìpín kékeré nínú èrè. Ní Ṣágámù yẹn, ẹnì kan wà tó ń pín búrẹ́dì fún àwọn obìnrin tó ń gbà á tà, tó mọ èyí tó ń san àwìn àti èyí tí kì í san. Ẹ wá a rí.

Ní ti Àgọ́-Ìwòyè, èmi kò fara mọ́ ìdàpọ̀ náà báyìí, kì í sì í ṣe nítorí pé ìyá náà kò dára. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní, àwa kò sì tíì mọ ohun tí ìyá náà ní ju oníbàárà akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ sílé lákòókò ìsinmi. Ní ọdún 2020 tí àrùn kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa, ẹni tó ń ta ọjà fún akẹ́kọ̀ọ́ nìkan mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹ ní kó fi ìwé títà hàn yín fún oṣù ìsinmi, kí ẹ yọ wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ara yín pé, bí ọ̀kan nínú yín bá kú, ṣé ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ìyá náà lè jókòó ṣòwò pọ̀? Ìpín rẹ̀ á di ogún wọn ni o. Ẹ kọ́kọ́ máa ra fúláwà pọ̀, kí ẹ máa yan díẹ̀ fún un kó tà, kí kóówá sì máa ná owó tirẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é fún ọdún kan tí kò sí ìjà, ìgbà yẹn ni kí ẹ lọ bá agbẹjọ́rò.

Oníbúrẹ́dì (Ìjẹ̀bú-Òde) tún kọ:

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ti bá àwọn ọmọ olóògbé sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n gbà láti fi ilé háyà fún mi, ṣùgbọ́n ọdún kan láìsan nǹkan kan tó ní láárí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n fẹ́ kí n ra ẹ̀rọ àti bọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, kí n san owó orúkọ lẹ́yìn ọdún kan. Ní ti Àgọ́-Ìwòyè, mo ti gba ìmọ̀ràn Ìyá, fúláwà la ó kọ́kọ́ máa rà pọ̀. Ìbéèrè kan ló kù: àwọn ọmọ náà ní àbúrò bàbá kan tó mọ iṣẹ́ búrẹ́dì dáadáa, Ṣágámù ló ń gbé. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí òun bá lọ dá ààrò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó sì ń lo orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀?

Agbẹjọ́rò (Ṣágámù) dáhùn:

Àdéhùn tí wọ́n mú wá yẹn dára, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ yẹ ẹ̀rọ àti bọ́ọ̀sì wò pẹ̀lú mẹkáníìkì tiyín kí ẹ tó dá iye lé wọn.

Ní ti àbúrò bàbá, nǹkan méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni orúkọ. Fífi orúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC kò fi bẹ́ẹ̀ dáàbò bo orúkọ tó wà lára ọjà. Ẹ wò ó bóyá bàbá forúkọ búrẹ́dì náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì ìdánimọ̀ ọjà ní Abuja. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọmọ fi ìwé gbé e fún yín. Bí kò bá ṣe é, ẹ jẹ́ kí ìwé àdéhùn sọ pé ẹ̀yin nìkan ni wọ́n fún láṣẹ láti lò ó, kí ẹ sì lọ fi í sílẹ̀ fúnra yín ní ìsọ̀rí 30, níbi tí búrẹ́dì wà. Ọdún méje ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ wà fún, a sì lè tún un ṣe fún ọdún mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà. Ẹ má dúró de ọdún kan tí ẹ máa san owó orúkọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ èyí, torí pé ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ á ti rí ẹsẹ̀ dúró.

Èkejì ni ìlérí pé wọn kò ní bá yín díje. Àwọn tó bá fọwọ́ sí i nìkan ló so mọ́. Bí àbúrò bàbá kò bá sí lára àwọn tó ń tà, ẹ kò lè fi àdéhùn tí àwọn ọmọ ṣe mú un. Ẹ ní kí òun náà wá fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fún un ní nǹkan kan tí yóò jẹ́ pàṣípààrọ̀ ìlérí náà, yálà owó tàbí iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín. Kí ìlérí náà má gùn ju bó ṣe yẹ lọ: ilé ẹjọ́ kì í fọwọ́ sí èyí tó bá dí ènìyàn lọ́wọ́ láti jẹun. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta, láàárín Ṣágámù àti agbègbè rẹ̀, ṣeé gbèjà. Gbogbo Ìpínlẹ̀ Ògùn títí ayé kò ṣeé gbèjà.

Bí ó bá sì mọ iṣẹ́ búrẹ́dì tó bí ẹ ṣe wí, ẹ ronú lórí fífi ṣe alábòójútó Ṣágámù. Ẹ ti máa san owó oṣù fún ẹnì kan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí oníṣirò owó ṣe kà á sínú ìṣirò rẹ̀, òun sì mọ àwọn oníbàárà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ mú ìwé báńkì àti orúkọ gbogbo àwọn ọmọ wá sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kí ẹni tó wà ní òkè òkun sì fi ìwé àṣẹ tí noótìrì buwọ́ lù ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ṣojú rẹ̀ nílé.